Tíǹtì tó bófin mu ní Houston tó wá di ẹ̀ṣẹ̀ ní New York

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, àbúrò mi obìnrin pè mí lórí fóònù, mo sì ti gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé e kúrò ní Houston lọ sí Bronx. Ó wa Camry rẹ̀ láti Texas dé New York, ó forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, ó gba nọ́mbà tuntun, ó wá gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Bíréèkì dára, táyà dára, gbogbo iná ń tàn. Síbẹ̀, wọ́n ní ọkọ̀ kò yege.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní gíláàsì mi dúdú jù. Mo fi rìsíìtì ẹni tó bá mi lẹ tíǹtì mọ́ ọn ní Houston hàn wọ́n, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òfin fọwọ́ sí i. Wọn ò tiẹ̀ wò ó. Àbí Amẹ́ríkà kan náà kọ́ la wà ni?"

Amẹ́ríkà kan náà ni. Ẹni tó lẹ̀ ẹ́ kò sì purọ́ fún un: ohun tó ṣe bá òfin Texas mu pátápátá. Àmọ́ lórí ọ̀rọ̀ gíláàsì ọkọ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin tirẹ̀, àwọn òfin náà sì jìnnà sí ara wọn ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ. Ó dùn mí pé kò sí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún un kó tó gbéra. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ eléyìí, nítorí àwọn èèyàn wa kì í jókòó sójú kan. Iṣẹ́ ń gbé wa láti Houston lọ sí Maryland, ilé olówó pọ́ọ́kú ń gbé wa láti New York lọ sí Atlanta, ọkọ̀ wa sì ń tẹ̀ lé wa.

Kí ni nọ́mbà tí wọ́n ń pè yẹn ń sọ?

Tíǹtì ni rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀ láti inú, kí oòrùn má baà ráyè wọlé bó ṣe fẹ́. Àwọn ọkọ̀ kan tún wà tó jẹ́ pé láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ni wọ́n ti po àwọ̀ dúdú mọ́ gíláàsì wọn. Màá padà sí ìyẹn.

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù tíǹtì, wọn yóò bi yín pé 35 lẹ fẹ́ ni, àbí 20, àbí 5. Nọ́mbà yẹn ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ráyè kọjá nínú gíláàsì. Òun gan-an ni òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń wò. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń ṣìnà nìyí, nítorí wọ́n rò pé bí nọ́mbà bá ṣe pọ̀ tó ni gíláàsì ń dúdú tó. Òdì kejì rẹ̀ ni.

Ẹ fi ojú inú wo ajọ̀ tí a fi ń ku èlùbọ́. Ẹ da ife èlùbọ́ 100 sí i díẹ̀díẹ̀. Bí ife 70 bá jò sísàlẹ̀, ojú ajọ̀ yẹn fẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ife 5 péré ló jò, ajọ̀ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Gíláàsì ni ajọ̀, ìmọ́lẹ̀ ni èlùbọ́. Gíláàsì 70% mọ́lẹ̀ débi pé ẹlòmíràn kò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà lára rẹ̀. Gíláàsì 5% ni irú èyí tí ẹ máa ń rí lẹ́yìn àwọn ọkọ̀ gígùn tí wọ́n fi ń gbé ìyàwó, tí ẹ kò ní rí ẹni tó jókòó síbẹ̀ bí ẹ tilẹ̀ fi ojú kan gíláàsì.

Nítorí náà, nígbà tí òfin bá ní "kò gbọdọ̀ dín ní 70%", òfin tó le gan-an ni. Nígbà tí ó bá ní "kò gbọdọ̀ dín ní 25%", ó fàyè gba dúdú dáadáa.

Báwo ni 35 ṣe ń di 28?

Ohun kejì tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé ajọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan.

Gíláàsì ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó lẹ nǹkan kan mọ́ ọn, kì í jẹ́ kí gbogbo ìmọ́lẹ̀ kọjá. Ó máa ń gba díẹ̀ dúró. Ẹ jẹ́ ká ní gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yín ń jẹ́ kí 80% kọjá. Ẹ wá ra rọ́bà tí wọ́n kọ 35% sí lára. Èlùbọ́ ife 100 kọ́kọ́ kan ajọ̀ àkọ́kọ́, ó ku 80. Ife 80 yẹn ló wá kan ajọ̀ kejì, tí kì í jẹ́ kí ó ju 35 lọ jò nínú ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan. Ohun tó jò sísàlẹ̀ pátápátá jẹ́ 28.

Nọ́mbà 28 yẹn ni ẹ̀rọ tí ọlọ́pàá fi ń wọn gíláàsì yóò kà. Kò ní ka 35 tó wà lórí rìsíìtì. Ẹni tó bá ń gbé ní ìpínlẹ̀ tí òfin ti ní 35%, tó wá ra rọ́bà 35%, ti rú òfin láì mọ̀. Mo mọ ju ẹni mẹ́ta lọ tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, gbogbo wọn ló sì ń pariwo pé ẹ̀rọ náà ló bàjẹ́. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ tíǹtì pé mélòó ni yóò jẹ́ *lẹ́yìn tí ó bá ti wà lórí gíláàsì*, kí ó sì wọ̀n ọ́n níṣojú yín kí ẹ tó sanwó.

Ta ló ń ṣe òfin náà?

Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ ló di ọ̀rọ̀ yìí mú. Òfin ọdún 1991 ló ka gíláàsì dúdú léèwọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, àyàfi bí ènìyàn bá ní ìdí ìlera tàbí ìdí ààbò tí ó sì gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Òfin yẹn kan náà ló fa ariwo ìwé àṣẹ tíǹtì tó gba ìlú kan ní 2025. Ẹni tó bá gba ìwé rẹ̀ ní Ìbàdàn lè wa ọkọ̀ rẹ̀ dé Kánò, ìwé kan náà ni yóò fi hàn.

Èrò yẹn la máa ń gbé wá sí Amẹ́ríkà. Níbí, ìjọba àpapọ̀ ní òfin tirẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ni ó dojú kọ ní pàtàkì. Ó sọ fún wọn pé gíláàsì tí awakọ̀ nílò láti fi ríran gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó kéré tán 70% ìmọ́lẹ̀ kọjá nígbà tí ọkọ̀ bá ń jáde kúrò nílé-iṣẹ́. Ní ti ohun tí ìwọ tí o ra ọkọ̀ lè lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn náà, ìpínlẹ̀ ni yóò sọ.

Láísẹ́ńsì awakọ̀ ló tún ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Láísẹ́ńsì Texas ṣeé fi wakọ̀ ní ìpínlẹ̀ gbogbo, wọ́n sì rò pé ohunkóhun tó bá ti bófin mu ní Texas yóò bófin mu níbòmíràn. Tíǹtì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí èèwọ̀ ìlú ló rí. Ohun tí ìlú kan ń jẹ ní gbangba, ìlú tó múlé gbè é lè má gbọdọ̀ fojú kàn án. Bí o bá sì ti kó dé ìlú kejì, tí o ra ilẹ̀, tí o kọ́ ilé, èèwọ̀ ibẹ̀ ti di èèwọ̀ tìrẹ.

Ibo ló le, ibo ló rọ̀?

N kò ní to àádọ́ta ìpínlẹ̀ sílẹ̀. Màá sọ èyí tó kan ibi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí.

Texas rọ̀ díẹ̀. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti iwájú kò gbọdọ̀ dín ní 25%. Ti ẹ̀yìn lè dúdú bó ṣe wù ẹ́, bí ọkọ̀ bá ṣáà ti ní dígí ìwòyìn lápá méjèèjì. Georgia ní 32%, ó sì fi 3 sílẹ̀ sókè àti sísàlẹ̀ fún àṣìṣe ẹ̀rọ, nítorí náà 29 ni ìsàlẹ̀ pátápátá. Florida gba 28% ní iwájú. Ẹ wo bó ṣe rí: ẹni tó ṣe tíǹtì rẹ̀ ní Jacksonville ní Florida dé góńgó ohun tí òfin gbà, tó wá kó lọ sí Atlanta ní Georgia, fi nọ́mbà ẹyọ kan ṣoṣo já sínú ẹ̀ṣẹ̀.

New York le. 70% ni wọ́n ń béèrè fún gíláàsì ẹ̀gbẹ́ iwájú, àti fún gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú bí ọkọ̀ bá jẹ́ irú Camry tàbí Corolla. Ká rántí pé gíláàsì fúnra rẹ̀ ti gba nǹkan bí 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dúró kí a tó lẹ ohunkóhun. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé rọ́bà tí ojú lè rí, kò sí èyí tí yóò yege níbẹ̀. Pennsylvania náà ń béèrè 70%. California ń béèrè 70% fún iwájú, ó sì fi ẹ̀yìn sílẹ̀. New Jersey kò tilẹ̀ fẹ́ kí o lẹ rọ́bà mọ́ ẹ̀gbẹ́ iwájú rárá.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti díjú jù lójú tèmi ni agbègbè Washington, DC, olú-ìlú Amẹ́ríkà. Láàárín ìrìn wákàtí kan, òfin mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Maryland ní 35%. Bí ẹ bá sọdá ààlà wọ DC, 70% ni fún iwájú, 50% fún ẹ̀yìn. Bí ẹ bá gba orí afárá kọjá odò Potomac bọ́ sí Virginia, 50% ni fún iwájú, 35% fún ẹ̀yìn. Àwọn Yorùbá tó wà ní Prince George's County ní Maryland kò lóǹkà. Mo mọ ìdílé tó ń gbé ní Bowie níbẹ̀, tí bàbá ń ṣiṣẹ́ ní DC, tí wọ́n sì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Alexandria ní Virginia. Lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, ọkọ̀ wọn ń wọ abẹ́ òfin mẹ́ta. Ẹni tó bá sì kó láti Silver Spring ní Maryland lọ gba ilé ní DC lè rò pé àdúgbò lásán ni òun pààrọ̀, nígbà tó jẹ́ pé gíláàsì iwájú tí 35% ti tó fún tẹ́lẹ̀ ti wà lábẹ́ òfin 70%.

Gíláàsì iwájú pátápátá, èyí tí awakọ̀ dojú kọ, kò sí ìpínlẹ̀ kankan nínú àwọn tí mo dárúkọ yìí tó gbà kí o kàn ki dúdú bò ó. Ohun tí wọ́n sábà máa ń gbà ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lókè. Texas ní íǹṣì 5 tàbí títí dé àmì AS-1 tí ilé-iṣẹ́ kọ sára gíláàsì, New York ní íǹṣì 6. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì tún ní òfin lórí tíǹtì tó ń kọ mọ̀nàmọ́ná bíi dígí, àti lórí àwọ̀ pupa.

Jíìpù ńkọ́?

Ìbéèrè yìí pọ̀, nítorí èèyàn lè rí jíìpù tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú kirikiri ní New York kan náà tí wọ́n ti dá Camry padà, kó wá máa rò pé ojúsàájú ni.

Láti ọwọ́ òfin ìjọba àpapọ̀ lọ́hùn-ún ló ti bẹ̀rẹ̀. Lójú òfin yẹn, gbogbo gíláàsì inú ọkọ̀ kékeré ni awakọ̀ nílò láti fi ríran, gbogbo rẹ̀ sì gbọdọ̀ mọ́lẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Ní ti jíìpù, ọkọ̀ akérò kékeré àti ọkọ̀ akẹ́rù, iwájú àti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ nìkan ló kà sí èyí tó ṣe pàtàkì. Ìdí nìyẹn tí jíìpù fi ń ti ilé-iṣẹ́ jáde pẹ̀lú ẹ̀yìn dúdú, tí Corolla kì í sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, títí kan New York, Maryland àti Virginia, tẹ̀ lé ìpín yẹn, wọ́n sì fi ẹ̀yìn jíìpù sílẹ̀. Florida sọ ọ́ kedere: ẹ̀yìn ọkọ̀ kékeré kò gbọdọ̀ dín ní 15%, ti jíìpù lè dé 6%.

Àmọ́ iwájú jíìpù kò ní òmìnira kankan. Àwọn tó ra jíìpù máa ń fẹ́ kí iwájú bá ẹ̀yìn dọ́gba, kí ó lè wuyì. Ẹwà yẹn ni ọlọ́pàá ń dá dúró.

Bí mo bá ń kọjá lọ lásán, òfin ta ni yóò mú mi?

Ọ̀rọ̀ ìwé òfin kò dọ́gba lórí èyí. Àwọn ìpínlẹ̀ kan kọ ọ́ pé ọkọ̀ tó gba nọ́mbà lọ́dọ̀ wọn ni òfin mú. Àwọn mìíràn kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá wa ọkọ̀ lójú títì wọn. New York wà lára àwọn kejì yìí. Ohun tó wà lójú títì ni òfin ibẹ̀ ń sọ, kò béèrè ibi tí nọ́mbà ti wá.

Georgia fi bó ṣe le tó hàn wá. Òfin tíǹtì ibẹ̀ mú àwọn olùgbé Georgia, ó fi àlejò sílẹ̀. Ẹnìkan gbé e lọ sílé-ẹjọ́, ní 2004 ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà sì fagi lé e, nítorí kò tọ́ kí ọkọ̀ méjì tó dúdú bákan náà wà lójú títì kan náà, kí a mú onílé kí a sì fi àlejò sílẹ̀. Ìjọba Georgia ní láti tún òfin náà kọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ láti Texas lọ kí àwọn ẹbí ní New York fún ọ̀sẹ̀ kan lè rí ọlọ́pàá tí yóò wo nọ́mbà rẹ̀ kí ó sì fi í sílẹ̀, ó sì lè rí èyí tí yóò kọ tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Àmọ́ ní ti ẹni tó ti kó wọlé, kò sí iyèméjì kankan. Ọjọ́ tí o bá ti gba nọ́mbà ìpínlẹ̀ tuntun, òfin wọn ti di tìrẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

O kò sì lè sá fún nọ́mbà tuntun yẹn títí. Texas, Georgia àti New York fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ọjọ́ 30 láti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Maryland fún un ní 60, California ní 20. Mo mọ àwọn tó ń fi nọ́mbà Texas wakọ̀ ní Brooklyn ní New York láti ọdún méjì, kí tíǹtì wọn má baà lọ. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò yóò béèrè ibi tí wọ́n ń sùn lálẹ́. Tíǹtì kò yẹ lóhun tí ènìyàn ń fi irú ewu bẹ́ẹ̀ wé.

Níbo ni àṣírí ti máa ń tú?

Ọ̀nà méjì ni: ní ibi àyẹ̀wò ọkọ̀, tàbí lójú títì.

Texas fi òpin sí àyẹ̀wò ààbò fún ọkọ̀ tí kì í ṣe ti òwò láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025. Ọkọ̀ lè dúdú níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má sì wọ̀n ọ́n fún ọdún mẹ́wàá. Òfin 25% ṣì wà o, àmọ́ ọlọ́pàá nìkan ló kù tó ń ṣọ́ ọ. New York yàtọ̀ pátápátá. Láti 2017 ni wọ́n ti fi wíwọn gíláàsì kún àyẹ̀wò ọdọọdún. Bí ọkọ̀ bá ti ìpínlẹ̀ mìíràn wọlé, ọjọ́ 10 ni wọ́n máa ń fún ọ lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀ láti lọ ṣe àyẹ̀wò náà. Inú ọjọ́ 10 yẹn ni àbúrò mi wà nígbà tó pè mí. Maryland náà ń béèrè àyẹ̀wò kí ọkọ̀ tó wá láti ìta tó lè gba nọ́mbà wọn, gíláàsì sì wà lára ohun tí wọ́n ń wò.

Kí ló dé tí ọlọ́pàá fi ń dá ọkọ̀ dúró nítorí tíǹtì?

Ó wù mí kí gbogbo ẹni tó bá ní ọmọkùnrin tó ti ń wakọ̀ ka apá yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn ọlọ́pàá ní ìdí tó yè kooro. Bí ọlọ́pàá bá ń rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ lóru, tí kò rí inú rẹ̀, kò mọ ẹni mélòó ló wà níbẹ̀, kò sì mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rù ń bà á. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà tí ó sì ní ìbọn lọ́wọ́, ewu ni fún gbogbo ẹni tó wà nítòsí.

Ìdí kejì kò fara hàn bẹ́ẹ̀. Ní 1996, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Whren. Ohun tó fi lélẹ̀ ni pé bí ọlọ́pàá bá ti rí i pé ọkọ̀ rú òfin ìrìnnà kan, bó ti wù kó kéré mọ, ó lè dá a dúró, kódà bó bá jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló wà lọ́kàn rẹ̀. Tíǹtì wá di ìdí tó rọrùn jù, nítorí ojú lásán ti tó láti fi rí i. Ọlọ́pàá kò nílò kí o sáré, kò nílò kí o yà síbi tí kò tọ́. Ọmọ dúdú tó wà nínú ọkọ̀ dúdú ti fún un ní ìdí kó tó kúrò ní iwájú ilé.

Àwọn aṣòfin Virginia gbọ́ igbe yìí. Láti oṣù kẹta 2021, òfin ibẹ̀ kò gbà kí ọlọ́pàá dá ọkọ̀ dúró nítorí tíǹtì nìkan. Kò túmọ̀ sí pé tíǹtì tó dúdú jù ti bófin mu níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn, kò sí irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ mi ni pé bí wọ́n bá dá yín dúró, ẹ yí gbogbo gíláàsì sílẹ̀ kí ọlọ́pàá tó dé ẹ̀gbẹ́ yín, àti ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ òru, ẹ tan iná inú ọkọ̀. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sórí sítíárì. Ẹ má jiyàn nípa Houston. Ìwé tíkẹ́ẹ̀tì ni wọn yóò kọ, ó sì ní ibi tí a ti ń dá a lóhùn. Ní California, wọ́n lè ní kí o lọ bọ́ tíǹtì náà kí o sì fi ẹ̀rí hàn. Maryland náà ní ìwé tí ọlọ́pàá fi ń pàṣẹ pé kí o lọ tún ọkọ̀ ṣe.

Bí ẹ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀, tí nọ́mbà onípépà ṣì wà lẹ́yìn, ẹ má fi í sínú gíláàsì dúdú. Ọlọ́pàá kò ní rí i, yóò sì rò pé ọkọ̀ náà kò ní nọ́mbà.

Ẹni tí oòrùn ń pa lára ńkọ́?

Àwọn kan wà tí dúdú gíláàsì kì í ṣe fàájì fún. Àfín, ẹni tó ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní lupus, ẹni tí awọ ara rẹ̀ tàbí ojú rẹ̀ kò gba oòrùn. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní ọ̀nà tí irú wọn lè gbà gba àṣẹ pẹ̀lú ìwé dókítà. Ní New York, fọ́ọ̀mù MV-80W ni dókítà yóò bá ọ kọ ọ̀rọ̀ sí. Ní Georgia, ẹ̀ka ààbò aráàlú ló ń fúnni ní ìwé náà.

Ìwé yẹn kò ṣeé gbé káàkiri bí ìwé ìgbéyàwó. Ìpínlẹ̀ tó fún ọ ni ó wà fún. Bí o bá fẹ́ kó, bẹ̀rẹ̀ ti ìpínlẹ̀ tuntun kí o tó kúrò, nígbà tí dókítà rẹ ṣì wà nítòsí. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí òbí ọmọ àfín tí wọ́n ní kí ó bọ́ tíǹtì nínú ooru, nígbà tó jẹ́ pé ìwé kan péré ló yẹ kó ti gbà.

Ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣòwò láàárín ìpínlẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ti bọ́ sídìí tírélà báyìí. Fún yín, ọ̀rọ̀ kúrú: òfin ìjọba àpapọ̀ ló mú ọkọ̀ òwò tó ń ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Gíláàsì iwájú àti ti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ méjèèjì kò gbọdọ̀ dín ní 70%, ibi yòówù kí ẹ ti gba nọ́mbà.

Kí n tó kó ẹrù, kí ni kí n ṣe?

Kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tíǹtì kan níbi tí o wà, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn wọn gíláàsì kọ̀ọ̀kan, kí o sì kọ nọ́mbà wọn sílẹ̀. Iṣẹ́jú díẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ka ojú ewé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ti ìpínlẹ̀ tí ò ń lọ, kì í ṣe ohun tí ẹnìkan gbé sórí WhatsApp. Wo iwájú lọ́tọ̀, wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn lọ́tọ̀, wo gíláàsì ẹ̀yìn pátápátá lọ́tọ̀, kí o sì rí i pé irú ọkọ̀ tìrẹ gan-an ni wọ́n ń sọ.

Bí ó bá dúdú jù, bọ́ ọ kúrò kí o tó forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Ti ẹ̀gbẹ́ ṣeé fi ooru gbígbóná àti sùúrù bọ́ nílé. Ti ẹ̀yìn pátápátá kò rọrùn, nítorí àwọn okùn tín-ín-rín tó ń yọ́ ìrì wà lára gíláàsì náà, abẹ sì lè gé wọn. Gbé ìyẹn fún oníṣẹ́.

Bí ó bá jẹ́ ooru ló ń dààmú rẹ, mọ̀ pé dúdú àti ìtútù kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Rọ́bà olówó pọ́ọ́kú lè dúdú bí èédú kí ooru sì máa wọlé. Èyí tí wọ́n ń pè ní ceramic lè mọ́lẹ̀ gan-an, kí ó sì dá ọ̀pọ̀ ooru padà. Ó wọ́n ju òmíràn lọ. Ní ìpínlẹ̀ tó ń béèrè 70%, bí gíláàsì rẹ bá mọ́ tó láti gba irú rẹ̀, òun nìkan ló lè ràn ọ́ lọ́wọ́.

Àbúrò mi lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ kan nítòsí ilé rẹ̀. Oníṣẹ́ náà fẹ́ bọ́ tíǹtì gíláàsì márààrún, ó sì fẹ́ gba owó márààrún. Mo ní kí ó dúró ná. Òfin New York gbà kí gíláàsì ẹ̀yìn pátápátá dúdú bí ọkọ̀ bá ti ní dígí ìwòyìn lápá méjèèjì, Camry rẹ̀ sì ní méjèèjì. Mẹ́rin ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n bọ́. Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ náà yege, tíǹtì Houston sì ṣì wà lára gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ títí dòní.